Ìlú Oníyọ̀ Tí Ìyá Àgbà Fẹ́ Fojú Ara Rẹ̀ Rí

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ìlú tí mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa lẹ́yìn Manigri tí wọ́n bí mi sí, mi ò ní pe Bàsílà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ la ti ń lọ ra nǹkan. Mi ò sì ní pe Pénéssoulou tí àbúrò ìyá mi ń gbé. Ìlú àwọn oníṣòwò kan nílẹ̀ Jàpáànì ni, létí òkun, láyé àtijọ́ tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣì ń so irun mọ́ àtàrí, tí wọ́n sì ń fi idà há ìbàdí. N kò débẹ̀ rí o. Inú tẹlifíṣọ̀n bàbá mi ni ìlú náà wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lójú oorun báyìí, tí ẹ ní kí n mú yín láti ẹnu ibodè lọ sí ilé ìkẹ́rù oníyọ̀, màá mú yín débẹ̀ láì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi bí àwọn ẹ̀ṣọ́ orí afárá bá dá wa dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Odindi àsìkò kajú kan la fi jẹ ọ̀rọ̀ ìlú yẹn mọ́ iyán nínú ilé wa, kò sì sẹ́ni tó kú.

Kajú so gan-an lọ́dún náà. Láti òwúrọ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ ọ tí wọ́n ń da kóró rẹ̀ sórí báàṣì ńlá tí a tẹ́ sí àgbàlá, ṣàà, ṣàà, títí eruku á fi gba imú gbogbo wa. Bí ìyẹn bá dákẹ́, odó á bẹ̀rẹ̀, torí pé ìyá mi àti ìyàwó àbúrò bàbá mi kì í gún iyán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá gbé ọmọ odó sókè, èkejì á sọ tirẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì máa tipa bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ aládùúgbò láì jẹ́ kí a gbọ́. Àárín ariwo yìí ni Ẹ̀gbọ́n Múnírù, ọmọ àbúrò bàbá mi, dé láti Parakou. Wọ́n ti yunifásítì wọn nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n á ṣí i. Inú wa dùn pé ọwọ́ kún ọwọ́ lóko, àfi ìgbà tó tú àpò rẹ̀ tí a rí ẹ̀rọ dúdú kan tó fi ṣòkòtò wé bí ọmọ tuntun. Bàbá mi wò ó, ó wo ẹ̀rọ náà. "Múnírù, ebè la ní kí o wá bá wa kọ. Kí lo gbé wá yìí?" Ẹ̀gbọ́n Múnírù ní eré ni, pé èèyàn lè fi rin ìlú tí kò dé rí. Bàbá mi ní kó kọ́kọ́ rin oko tó ti dé rí. Ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí ni pé bí a bá ti ṣa kajú tán, tí a pọnmi tán, tí a kírun àlàásárì tán, a lè tan ẹ̀rọ náà títí di mọ̀gáríbì, ìyẹn bí kuráǹ, iná mànàmáná, bá fẹ́ bá wa ṣe é. Kuráǹ tiwa nígbà yẹn, bó bá wù ú ló máa ń wá.

Ẹni tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ńlá tí tẹlifíṣọ̀n wà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn le, orí ni wọ́n fi ń ru iṣu lọ sí ọjà Bàsílà, wọ́n sì máa ń ru iyọ̀ bọ̀. Wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà tó wọ Doguè, ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ti màlúù. Ìgbà tí mo fi gbọ́njú, ohun funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Wọ́n mọ ìgbà tí oòrùn yọ, wọ́n mọ̀ bí èèyàn bá dúró síwájú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tó jẹ́ àfi bó bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa fọwọ́ bó ẹ̀pà, kò sì sí nǹkan kan nínú ilé tí wọn kì í dá sí. Nọ́ọ̀sì kan ti wá sọ fún bàbá mi pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ wá sí Bàsílà bí àsìkò kajú bá ń parí lọ, pé wọ́n lè yọ ohun funfun yẹn kúrò. Ó ní bí wọ́n bá ti lọ, òun ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa padà wá, pé bí ojú yẹn bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù náà lè lọ. Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. "Kí ló kù láyé tí n kò tíì rí? Mo rí ọkọ, mo rí ọmọ, mo rí ọmọ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ojú, kó lọ fi kan tirẹ̀." Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ìyá mi dìde, pé iyán rẹ̀ ń jóná. Iyán kì í jóná, a kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan eré náà, ariwo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹ gbọ́ ná: àwọn ẹyẹ òkun ń ké, bàtà onígi ń dún kò-kò-kò lórí afárá, àwọn èèyàn ń polówó ọjà, owú alágbẹ̀dẹ ń dún lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lórí ẹ̀pà. "Ọjà ibo nìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n Múnírù bẹ̀rẹ̀ sí í fi Fáránsé àti Yorùbá ṣàlàyé bí ẹni ń kàwé fún olùkọ́, wọ́n ní kó dákẹ́. "Ràfí, ìwọ sọ ọ́." Bí mo ṣe di ojú Ìyá Àgbà nínú ìlú yẹn nìyẹn. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Odò tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, mo ní ó dà bí kòtò tí wọ́n gbẹ́ síwájú ilé olórí ìlú, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ń kọjá nínú rẹ̀. Àwọn ilé ìkẹ́rù, mo ní abà iṣu ni, ṣùgbọ́n ògiri wọn funfun, ilẹ̀kùn wọn sì nípọn. Wọ́n bi mí bí òkun ṣe tóbi tó. Mo ní ó tóbi ju oko bàbá mi lọ. "Oko bàbá rẹ kò tóbi," ni wọ́n wí, bàbá mi sì wà níbẹ̀ o.

Ẹni tí à ń darí nínú eré náà, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú tó sì fi aṣọ bojú ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó lọ tú baba arúgbó kan sílẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí olówó oníyọ̀ kan tì mọ́nú ilé ìkẹ́rù rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Nǹkan méjì ni Ìyá Àgbà gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yìí: pé wọ́n ti àgbàlagbà mọ́lé, àti pé ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ ń yọ́ rìn. Èkíní bí wọn nínú. Èkejì bí wọn nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ta ló dúró lẹ́nu afárá yẹn?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ̀ṣọ́ ni, Ìyá. Ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́."

"Ọmọ aláṣọ dúdú ti kí i?"

"Kò kí i, Ìyá. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ó wọ ìlú onílùú, kò kí ẹnì kan, ó lọ lúgọ sẹ́yìn àgbá. Bí wọ́n bá pè é lólè, irọ́ ni wọ́n pa? Jẹ́ kó jáde, kó lọ kí i dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n Múnírù ní, "Ìyá, bí eré yẹn ṣe rí nìyẹn. Bó bá jáde, wọ́n á pa á."

"Múnírù, ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ràfí, jẹ́ kó kí i."

Ibì kan wà lára mànẹ́ẹ̀tì, ohun tí à ń dì mú tí a fi ń darí eré, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà á tẹríba. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó jáde láti ẹ̀yìn àgbá, ó rìn lọ síwájú ẹ̀ṣọ́, ó tẹríba títí orí rẹ̀ fi fẹ́ kan orúnkún. Inú mi dùn pé ó ṣe é dáadáa. Kó tó nà ró, ẹ̀ṣọ́ ti pariwo, àwọn yòókù ti sáré dé, wọ́n sì ti ṣá a wó. Ìyá Àgbà gbọ́ igbe. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní wọ́n ti pa á. "Lẹ́yìn tó kí wọn tán?" Mo ní lẹ́yìn tó kí wọn tán. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n kawọ́ lérí. "Subuhánà! Ẹni tí a kí, tó wá fi idà dáhùn! Irú ìlú wo ni wọ́n ti tọ́ wọn?" Ẹ̀gbọ́n Múnírù ti ṣubú sílẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin náà lè dìde padà, ara wọn balẹ̀. "Tún un jí, Ràfí." Láti ọjọ́ yẹn lọ, mo gbọ́ "tún un jí" ju orúkọ mi lọ. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kíkí yìí jẹ́ àwàdà lásán lọ́dọ̀ wa. Bí èèyàn bá fẹ́ kọjá láàárín Manigri láàárọ̀, ó ní láti kí ẹni tó jókòó, kí ẹni tó dìde, kí ẹni tó ń gbálẹ̀, kó tún dáhùn bí ilé ṣe wà àti bí oko ṣe wà, ọ̀sán á sì ti pọ́n kó tó dé ibi tó ń lọ. Parakou ni mò ń gbé báyìí. Títí di òní n kò lè kọjá níwájú ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ wa kí n má dúró kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti pẹ́.

Òrùlé náà, wọn kò gbà fún wa. Ẹ̀gbọ́n Múnírù ní orí òrùlé ni ọ̀nà tó yá jù, pé ẹni tó ṣe eré náà fẹ́ kí èèyàn máa fò láti ilé dé ilé. Ìyá Àgbà ní ẹni tó ṣe eré náà kò ní òrùlé tó ń jò rí ni. Ilẹ̀ la wá ń gbà. Èmi ń wo ọfà kékeré tó ń tọ́ka ọ̀nà, mo sì ń ṣìnà. Ìyá Àgbà ń fetí sílẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tí a wà. "Owú alágbẹ̀dẹ ti wà lápá òsì wa nísinsìnyí. O ti kọjá rẹ̀. Yí padà." Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ afárá ti pa wá títí mo fi ń sunkún, Ìyá Àgbà bi mí pé ta ló ń wọlé tó ń jáde lórí afárá yẹn tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró. Mo wò ó. Àwọn alábàárù ni, àwọn tó ń ru àpò iyọ̀. "Wọ àárín wọn. Bí wọ́n bá rìn, rìn. Bí wọ́n bá dúró, dúró." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, a sì kọjá. Ẹ̀gbọ́n Múnírù fò sókè, ó fẹ́ gbá Ìyá Àgbà mọ́ra. À bá ti dé ọ̀dọ̀ baba arúgbó lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí a ṣe wọ ọjà iyọ̀, ara Ìyá Àgbà kò gbà á mọ́. "Dúró ná, Ràfí. Kí ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀? Ṣé abọ́ ni? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó ga lórí abọ́ àbí wọ́n ń fọwọ́ gé e dọ́gba?" Mo dúró kí n lè wò ó dáadáa. Ibi tí mo ti ń wò ó ni ẹ̀ṣọ́ kan ti gbá mi lọ́rùn mú. Ìyá Àgbà ní kí n tún un jí, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀.

Nọ́ọ̀sì tún wá. Ó ní àwọn dókítà máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà kí i dáadáa, wọ́n fún un ní ẹ̀pà, wọ́n ní kó bá àwọn kí àwọn dókítà. Lẹ́yìn tó lọ, mo rí bàbá mi lẹ́yìn abà, ó jókòó sórí agbada tí a dojú rẹ̀ dé, ó mú fìlà rẹ̀ dání, kò sì ṣe nǹkan kan. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Òru ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé Ìyá Àgbà lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n má mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́, mo sì fi aṣọ bo orí kí wọ́n má gbọ́ pé mò ń sunkún, torí pé ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń sùn.

Ìjà òrùlé ló yí gbogbo nǹkan padà. Àlàásárì ọjọ́ kejì ni. Ẹ̀gbọ́n Múnírù mú mànẹ́ẹ̀tì, ọmọ aláṣọ dúdú dúró lórí òkè kékeré kan, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òkun sì ń dán lẹ́yìn. Ìyá Àgbà béèrè pé kí ni wọ́n fi bo orí ilé wọn gan-an. Mo ní ó dà bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀gbọ́n Múnírù ní irọ́ ni, amọ̀ tí wọ́n sun ni, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn dojú ìwé dé. Ìyá mi gbé igbá iyán wọlé, ó wò ó, ó ní akẹtẹ̀ ni ó jọ. Bàbá mi tó ń fi kẹ́tùlù ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà nawọ́ sí i, ó ní ẹ̀yìn akíka ni, ẹ wò ó dáadáa. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní adìyẹ tó na ìyẹ́ bo ọmọ ni. La bá bẹ̀rẹ̀ ìjà! Kálukú ń pariwo tirẹ̀, iyán ń tutù.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. "Ẹ dákẹ́! Ẹja, ìwé, akẹtẹ̀, akíka, adìyẹ! Irú òrùlé wo nìyẹn? Láti ìgbà yìí wá ni mo ti ń to ìlú yìí sínú orí mi, àṣé òpùrọ́ ni mo fi ṣe ojú!" Wọ́n ti abọ́ ẹ̀pà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìgbà wo lẹ ní àwọn dókítà yẹn ń bọ̀?"

Kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. "Ọjọ́ Ajé, Ìyá."

"Ẹ bá mi fọ ìró aláró mi. Mò ń lọ. Bí mo bá dé, màá wo orí ilé yẹn fúnra mi, màá sì mọ ẹni tó ń parọ́ fún mi nínú yín."

Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà wọ́n látilẹ̀wá, pé wọ́n kàn rí nǹkan tí wọ́n lè fi bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ Ìyá Àgbà, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rí òrùlé yẹn ní tòótọ́.

Bàbá mi fi alùpùpù gbé wọn lọ, ìyá mi jókòó sẹ́yìn, ó dì wọ́n mú láàárín. A kò tan ẹ̀rọ náà títí wọ́n fi dé. Kò sẹ́ni tó sọ pé ká má tan án. Kálukú wa kàn ń kọjá níwájú rẹ̀ ni. Odó pàápàá kò dún dáadáa. Nígbà tí alùpùpù yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, mo sáré jáde, mo sì rí i pé Ìyá Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n wọ awò dúdú gbàgìdì kan, wọ́n ń bú bàbá mi pé kí ló dé tí igi kajú ẹnu ọ̀nà fi pọ̀ ní ẹ̀ka gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀tún ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ṣe. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má bọ́ awò. Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bọ́ awò.

Ẹ̀gbọ́n Múnírù gbé ọmọ aláṣọ dúdú dúró sórí òkè yẹn. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n wò ó títí. "Ìyá," ni bàbá mi wí, "kí ló jọ?" Wọ́n ní kò jọ nǹkan kan tí a sọ, pé òpùrọ́ ni gbogbo wa, pé ó sì dára púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká lọ tú baba arúgbó sílẹ̀. A bá àwọn alábàárù kọjá, a gba ẹ̀yìn ọjà iyọ̀, kò sẹ́ni tó dúró wo òṣùwọ̀n, Ẹ̀gbọ́n Múnírù ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù, baba náà sì jáde síta. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú. "Ta nìyí?" A ní òun ni. "Èyí tí mò ń gbàdúrà fún láàárọ̀ lálẹ́? Irùngbọ̀n lásán ni! Ọmọdé ni ọkùnrin yìí!" Bí a ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àwọn aládùúgbò wá yọjú.

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ti yíjú sí mi. Wọ́n fi ìka gbé àgbọ̀n mi, wọ́n yí orí mi sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. "Ràfí, ta ló di irun yìí fún ọ?" Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. "Mo ní ta ló dì í? Ẹ wo ojú ìlà! Èyí lọ síbí, èyí lọ sọ́hùn-ún, èyí tí ó wà létí yìí kò tilẹ̀ lọ síbì kankan. Ẹni tó bá di irun yìí, ó yẹ kí wọ́n gba òòyà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀yin ni, Ìyá," ni mo wí.

Àwọn náà ni. Láti ìgbà tí irun mi ti tó dì, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí mi. Wọ́n ní ìka àwọn mọ̀ ọ́n. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń jókòó sí àárín orúnkún wọn, tí wọ́n á máa fọwọ́ wá ojú ìlà, tí wọ́n á máa sọ ìtàn ọ̀nà Doguè fún mi. Mo ti bá àwọn ọmọ jà nílé-ìwé lórí irun yẹn, mo sì lù wọ́n. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́ rí.

Ìyá Àgbà wo ìka ara wọn. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Wọ́n rẹ́rìn-ín ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, bàbá mi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, ojú tuntun ni. "Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń gbé e lọ sílé-ìwé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Tí o kò sì sọ fún mi." Mo ní n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn dì í. Wọ́n nu ojú, wọ́n gbé ẹní wọn jáde sí àgbàlá, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà, wọ́n ní kí n mú òòyà wá. Mo jókòó sí àárín orúnkún wọn. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ojú ìlà àkọ́kọ́, mo fẹ́ yíjú wo tẹlifíṣọ̀n tí Ẹ̀gbọ́n Múnírù kò tíì pa, wọ́n sì fi òòyà gbá mi léjìká.

"Gbé orí dúró," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n rí ọ."